Nọ́ọ̀tì Táyà Oníkọ́kọ́rọ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já àwọn ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá ni, mo ń fi aṣọ tútù nu èébì kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn, nígbà tí ìyá ọ̀kan nínú wọn pè mí lórí fóònù. Iṣẹ́ mi nìyẹn: mo máa ń fi mọ́tò mi gbé ọmọ àwọn aládùúgbò wa ní Ìgàndó lọ sí ilé ìwé, mo sì máa ń gbé wọn bọ̀. Obìnrin náà ní òun gbọ́ pé wọ́n ti tú gbogbo táyà mọ́tò tíṣà tó ń gbé òdìkejì ilé wa lọ, pé orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ́tò náà sílẹ̀ sí.

"Àǹtí, mi ò bá yín jà o," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣe tiyín bẹ́ẹ̀, ilé lọmọ mi máa jókòó sí nìyẹn. Tí ẹ ò bá lè wá nǹkan ṣe sí i, ẹ tètè sọ fún mi, kí n wá ẹlòmíì."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀bá gọ́tà ni mọ́tò mi ń sùn, nítorí mọ́tò àwọn ọmọ onílé ti gba inú ọgbà tán. Mo ti fín nọ́ńbà rẹ̀ sára gíláàsì àti dígí ẹ̀gbẹ́ nítorí olè, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló ń fín nọ́ńbà sára táyà?

Mo wakọ̀ lọ sí Ìkòtún, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò. Wọ́n ní ó ń ta nọ́ọ̀tì táyà tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, èyí tí sípánà lásán ò lè tú. Ẹyọ kan ni wọ́n ń fi sí táyà kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn nọ́ọ̀tì yòókù.

"Mọ́mì, ẹ wo èyí tó ń dán yìí," ó ní. "Tí olè bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló máa rí nínú ẹ̀."

"Èyí dúdú ńkọ́?"

"Ìyẹn ò dán, ṣùgbọ́n ó le. Bí ìgbà téèyàn ń yan ọkọ náà ni, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Mi ò kì í yára mú nǹkan. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ inú páálí èyí tó ń dán, mo tì í bọ nọ́ọ̀tì dúdú lẹ́nu. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo ṣí páálí mìíràn, ó wọ ìyẹn náà. Mo tún dán gbogbo rẹ̀ wò, kí n má bàa purọ́ mọ́ ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí gbogbo wọn."

Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí. "Bí wọ́n ṣe ń kó o wá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń dán an wò, àfi ẹ̀yin."

"Ẹni tó bá wá ra tiẹ̀ lọ́la ńkọ́? Ó ti ní kọ́kọ́rọ́ tèmi nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ti ní tiẹ̀, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, olè wo ló ń ra nǹkan?"

"Ṣé ẹ ò ní irú mìíràn ni?"

"Ọ̀dọ̀ mi làwọn tó kù ní Ìkòtún ti ń kó o. Tí ẹ bá dọ́dọ̀ wọn, èyí náà lẹ máa bá."

Kọ́kọ́rọ́ kan tó jọ ọ́ wà lórí ìṣó lẹ́yìn orí rẹ̀, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́. Mo ń wò ó. Bí mi ò bá rà á, kí ni màá sọ fún ìyá ọmọ yẹn? Bí mo bá sì rà á, ọwọ́ ta ni táyà mi wà? Mo mú èyí dúdú, nítorí pé ó di dandan kí n mú ọ̀kan.

Ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ wá fọkanáísà kiri, a máa ń bá oníbàárà fi í sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń bá mi ṣe é ti lọ sí Ìjẹ̀gùn ni, tó bá dé nírọ̀lẹ́, mo máa rán an sí yín. Mọ́mì, níbo lẹ máa ń páàkì sí?"