Agota Grybienė àti Ìtàn Tó Mú Kí Wọ́n Fọ Ògiri

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ilé Agota Grybienė gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, lẹ́yìn àwọn ilé ìpẹran ní Ṣikágò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹ má gbà á gbọ́. Ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Kleopas, ọkọ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Àwa ayálégbé máa ń sọ pé kì í ṣe pé ó yadi, ọ̀rọ̀ ò tíì kàn án ni.

Lituéníà ni gbogbo wa ti wá. Iṣẹ́ télọ̀ ni èmi ń ṣe. Agota ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìpẹran náà, ní yàrá sọ́sééjì, níbi tí wọ́n ti ń ki ẹran lílọ̀ sínú ìfun. Kleopas wà nídìí àwọn àgbá omi iyọ̀ tí wọ́n ń rẹ ẹran sí, omi náà sì ti jẹ èékánná mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wákàtí mọ́kànlá lójúmọ́ ni Agota fi ń dúró nínú omi ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù. Bó bá délé, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, á wá máa ṣépè fún Feeney, ọ̀gá yàrá wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Kò jẹ́ fi ẹnu kan sọ́sééjì ilé iṣẹ́ wọn. Níbi ìgbéyàwó Petronėlė, aládùúgbò wa, wọ́n gbé àwo kan síwájú rẹ̀. Agota ti àwo náà sẹ́yìn.

"Ṣé oúnjẹ mi ò tẹ́ ọ lọ́rùn ni?" Petronėlė bi í, tòun ti aṣọ ìyàwó lọ́rùn.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, arẹwà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ki eléyìí. A ti ríra rí."

Odindi ọdún kan ni Petronėlė ò fi kí i. Àwọn ènìyàn ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Bí Agota bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń wọ inú ẹ̀rọ náà, wọ́n á ní àsọdùn ti wọ̀ ọ́.

Nígbà tó di ìgbà òtútù kan, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn àròsọ kan jáde, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ opó kan ni, Veronika, tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti ìlú wa, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹran sínú agolo. Nítorí pé èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú ilé náà, èmi ni mò ń kà á, tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ọ̀sán Sunday, bí a bá ti dé láti Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi kún ilé ìdáná. Petronėlė pàápàá wá, ó ní aṣọ lòun fẹ́ kí n bá òun tún ṣe.

Mo kà á dé ibi tí Veronika ti rí eku mẹ́ta lórí òkìtì ẹran.

"Irọ́!" Agota pariwo. "Eku mẹ́ta? Ta ló wà níbẹ̀ tó ń ka eku? Bóyá ọjọ́ ìsinmi àwọn eku ni ọkùnrin tó kọ ọ́ yẹn dé ibẹ̀!"

"Ìyá Onílé, ìtàn àròsọ ni."

"Bó bá jẹ́ àròsọ, kó ro ó kó pọ̀!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibi tí ọ̀bẹ ti gé Veronika lọ́wọ́, tó fi àkísà dì í, tó sì ń bá iṣẹ́ lọ kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, Agota fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ápírọ́ọ̀nù. Petronėlė rí i. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, bí ìjà ọdún kan ṣe parí nìyẹn.

A rò pé ọ̀rọ̀ náà ò ní kọjá ilé ìdáná wa. Àṣé gbogbo Amẹ́ríkà ló ń kà á. Àwọn ìyáálé ilé tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran inú agolo nù. Ọjà dúró. Ìjọba ní àwọn máa rán ènìyàn wá wò ó. Ni Feeney bá dàrú.

Ní ọjọ́ Tuesday, wọ́n lé gbogbo òṣìṣẹ́ sídìí fífọ nǹkan. Wọ́n ha ilẹ̀, wọ́n kó ohun tó ń rùn lọ, wọ́n fi ẹfun kun ògiri. Wọ́n pín ápírọ́ọ̀nù funfun fún àwọn obìnrin. Feeney tò wọ́n sójú kan, ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Bí wọ́n bá bi yín bóyá bó ṣe máa ń mọ́ nìyí, kí lẹ máa sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni gbogbo wọn dáhùn.

Ọjọ́ Thursday ni àwọn aṣojú ìjọba dé, ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ kóòtù dúdú. Èyí tó sanra nínú wọn yíjú sí Agota, bóyá nítorí pé òun ló hàn jù.

"Màdáámù, ṣé bó ṣe máa ń mọ́ nìyí?"

Feeney rẹ́rìn-ín músẹ́. Agota náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. Ó ronú díẹ̀, ó wá fi ìyókù Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ kún un: "Láti ọjọ́ Tuesday."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ̀yìn ti ògiri kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kúrò lára ògiri, gbogbo ẹ̀yìn kóòtù dúdú ọ̀hún ti di funfun. Ó fi ìka kan ògiri, ó wo ìka rẹ̀, ó wo Feeney. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn fún òun. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n gbá sí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé Agota kúrò níṣẹ́. Ó wọlé, ó ń kọrin.

Nígbà tó di ìgbà ooru, òfin jáde. Mo ka ìròyìn náà fún wọn: oníṣègùn ìjọba yóò máa yẹ màlúù wò kí wọ́n tó pa á, yóò sì yẹ ẹran rẹ̀ wò lẹ́yìn náà, èyí tó bá dára, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ìdáná hó yè.

"Ó dáa," ni Agota wí. "Wákàtí iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo wò ó. "Kò sí níbẹ̀."

"Omi iyọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ Veronika ńkọ́?"

Mo ṣí ojú ìwé kejì. "Kò sí níbẹ̀, Ìyá Onílé."

Ìgbà yẹn ni Kleopas la ẹnu. "Ẹran ni àwọn aṣòfin ń jẹ," ó ní. "Wọn kì í jẹ wá."

Agota dìde, ó wé gèlè. "Petronėlė, dìde. A ń lọ."

"Lọ síbo?"

"Ojúlé dé ojúlé."

Ọjà ti padà bọ̀ sípò nígbà náà, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Agota mọ ìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin méjìdínlógójì ló dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà, wọn ò wọlé. Ẹran ń bàjẹ́ nínú, oníṣègùn ìjọba sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Feeney jáde.

"Kí lẹ̀ ń fẹ́ gan-an?"

"Pákó," ni Agota dáhùn. "Pákó gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹni tí ọ̀bẹ bá sì gé, kó lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, kó padà wá bá àyè rẹ̀. Èmi náà ń padà."

"Ìwọ kọ́!"

"Ẹ jẹ́ ká máa gbóòórùn ẹran yìí lọ nígbà náà."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti ń já pákó sílẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ méjì dípò mẹ́ta, wọ́n sì gba Agota padà. Wákàtí iṣẹ́ ò dín, ẹnikẹ́ni ò sì kan àwọn àgbá omi iyọ̀. Ọdún kejì ni ìka Kleopas kan kú pátápátá; oníṣègùn gé e. Agota mú un kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bá a wá iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Fàdá sọ fún mi pé Kleopas ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o, pé àwọn ẹyẹlé tó wà lókè ilé agogo ló ń bá sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ náà sì ń gùn.