Fọ́mánù Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún méjìlélógún ni Fọ́mánù fi ṣe ọ̀gá nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó, gbólóhùn kan ni gbogbo òṣìṣẹ́ sì fi mọ̀ ọ́n: "Èmi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, á fọwọ́ pa irun orí ètè rẹ̀ tó kún bí ìgbálẹ̀, á kẹ̀yìn síni, á bá tiẹ̀ lọ. Ariwo ẹ̀rọ tó ń gé wáyà kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá gbọ́ ló mọ̀.

Nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì, etí tiẹ̀ náà ti lọ. Ẹ má tíì bá mi káàánú ẹ. Ẹlòmíì ló ń dá lẹ́bi: wọ́n ń kùn lẹ́nu, wọn ò lanu sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, òun á jágbe mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé, ó tì í síwájú rẹ̀: "Ó ti sú mi." Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ń fọṣọ, àmọ́ ẹ̀bá ọgbà ló ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, sọ́dọ̀ obìnrin aládùúgbò wọn. Fọ́mánù á máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó ń dùn ún wọra. Ó fẹ́ kí ìyàwó òun tún bá òun sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tó gbé e dé ẹgbẹ́ àwọn tí etí wọn ti lọ nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, tí wọ́n ń kọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń wo ètè èèyàn ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

Àga mẹ́wàá ló yí ká, pátákó kan wà lára ògiri. Kò tíì jókòó tí ojú òun àti ti Elépo fi ṣe mẹ́rin.

Elépo ló máa ń rọ epo sẹ́rọ nílé iṣẹ́ ìṣó, òun sì ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ lọ láàárín wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Fọ́mánù máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró sí láti pàṣẹ fún un. Tí Elépo bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?" ẹ ti mọ èsì. Lọ́jọ́ tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ba ẹ̀rọ jẹ́, Fọ́mánù kọ̀wé pé oríkunkun ló ń ṣe é. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ tòun tọmọ mẹ́ta lọ́rùn.

"Òun nìyẹn," ni Elépo sọ fún àwọn ará ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó kí àlejò. Ìyá Aránṣọ, tó ń darí ìpàdé, mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára pátákó: "A ò rí ètè yín. Irun bò ó. Ẹni tí a ò bá rí ẹnu ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ níbí." Elépo fi tiẹ̀ kún un, ìyá náà sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Lọ gé e, kí o tó padà wá."

"Kí o"! Fún Fọ́mánù!

"Adití lásánlàsàn gbogbo yín!" ló pariwo, bí ẹni pé etí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó bínú jáde.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́bàá ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín. Fọ́mánù dúró wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ wá abẹ.

Ní Sátidé kejì, ó dé pẹ̀lú ètè tí kò nírun mọ́. Ìyá Aránṣọ tọ́ka sí òfin kejì lára pátákó: "Ẹni tí wọ́n bá ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ gbọ́dọ̀ tún un sọ. Kò sí pòṣé." Fọ́mánù kà á tán. Ó kọjú sí Elépo.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé etí ni, mo sì kọ pé oríkunkun ni. Má bínú."

Àṣé Elépo ti di ojú pa látìgbà tí Fọ́mánù ti lanu. Láàárín àwọn wọ̀nyí, ẹni tó bá dijú ti di etí nìyẹn. Ó lajú, wọ́n kọ èsì rẹ̀ sára pátákó: "Tún un sọ. Mi ò gbọ́."

Fọ́mánù tún un sọ. Elépo tún dijú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Fọ́mánù lọ sókè láti pa irun, awọ lásán ló bá. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rántí ẹ̀bá ọgbà, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, Elépo ò ṣẹ́jú.

Nígbà tó parí, Elépo sọ nǹkan kan. Ìyá Aránṣọ fẹ́ kọ ọ́, Elépo di ọwọ́ rẹ̀ mú: kí Fọ́mánù kà á fúnra ẹ̀. Fọ́mánù ò rí nǹkan kan kà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ tún un sọ."

Elépo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó wá lanu díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró gbọin lórí ètè rẹ̀: "Èmi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Fọ́mánù kà lẹ́nu èèyàn láyé rẹ̀ nìyẹn. Kò ṣì í kà.

Ìyá Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì lu òfin kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Elépo pòṣé. Ojú rẹ̀ ò tú ká rárá.

"Mo ní, jókòó."

Fọ́mánù jókòó.