Láàlì Ọwọ́ Ìyàwó àti Mọ́tò Dúdú

Òórùn láàlì ló gba àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò Adéwọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti òórùn pọ́líìṣì mọ́tò tí èmi fúnra mi ń kùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ìyàwó tuntun. Mọ́tò dúdú bàbá rẹ̀ ni yóò gbé e lọ síbi wòlímọ̀, níbi tí yóò ti ka Àlùkùránì lójú ẹbí àti àna. Èmi ni mo sì fọ́nnu pé, "Ẹ fi ti mọ́tò sílẹ̀ fún mi." Ẹnu mi máa ń ṣáájú ọgbọ́n mi, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí.

Mo fọ mọ́tò náà, mo nù ún gbẹ. Mo wá fi pọ́líìṣì kun gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú oòrùn, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ jòjòló lára, mo sì lọ jẹ másà. Ṣebí wọ́n máa ń jẹ́ kí òrí wọra ni? Kí n tó padà dé, pọ́líìṣì ti gan. Mọ́tò dúdú ti funfun bí ẹni tó ṣubú sínú ìkòkò ògì. Mo fi ìnura nù ún, kò gbọ́. Ó kàn ń fa ìlà funfun síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù mọ́tò o, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ni. Irùngbọ̀n mi ti ń funfun nígbà náà, àmọ́ bí obìnrin yẹn bá pe orúkọ mi, inú mi á dà bíi ti ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ni mo bá sáré gbé kànhìnkànhìn ìfọkòkò.

"Ọ́ńkù! Ẹ dúró!" Ìyàwó tuntun ló jókòó lójú fèrèsé, láàlì ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nà wọ́n síta bí ẹni ń ṣe àdúà. "Ṣé ẹ fẹ́ bó mọ́tò láwọ ni?"

"Ìyá ẹ ló ń bọ̀ yẹn! Kí ni kí n ṣe?"

"Láàlì tó bá gbẹ mọ́ni lọ́wọ́, ṣé a máa ń ha á ni? Òróró la fi ń mú un rọ̀. Ẹ fi pọ́líìṣì tútù díẹ̀ mú èyí tó ti gan yẹn rọ̀."

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í jiyàn. Mo rọra wa mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò, mo jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù. Mo fi pọ́líìṣì díẹ̀ pa ibi kékeré kan, mo nù ún kíá kó tó gbẹ. Dúdú jáde, ó ń dán! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mú un níbi kékeré níbi kékeré, tí ìyàwó ń pàṣẹ: "Ẹ yí ojú ìnura yẹn padà, ó ti dọ̀tí!" Nígbà tí ìnura bọ́ sílẹ̀, ó pariwo bíi pé ọmọ ló jábọ́: "Ẹ mú òmíràn, yanrìn ti wà lára ìyẹn!" Ìyá rẹ̀ ló jọ lóòótọ́.

Mo ti nù ún tán kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn mọ́tò, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "O ṣeun, àbúrò mi." Mo wo ojú fèrèsé: ìyàwó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

Ọmọ yẹn ti pẹ́ nílé ọkọ báyìí, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé mi. Bí ọ̀rọ̀ bá gan láàárín èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi, n kì í gbé kànhìnkànhìn mọ́. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ dídùn tí mo fi fẹ́ ẹ nígbà èwe ni mo fi ń mú un rọ̀, níbi tútù, díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́, bí mi ò bá ṣáà ti kọ́kọ́ lọ jẹ másà.