Ọ̀sán Tí A Wẹ Signora

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ọṣẹ Marsiglia báyìí, kódà nínú kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní Torino, ní Ítálì, ilé Signora ní Nichelino ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà.

Tíṣà Gíríìkì tó ti fẹ̀yìn tì ni Signora, màmá mi ló ń tọ́jú wọn. Bí Màmá bá ń ṣan ọwọ́ wọn, Signora á sọ ọ́ lédè Gíríìkì pé, "Níptō." Tó bá jẹ́ gbogbo ara ni, wọ́n á ní, "Lóuō." Èmi, ọmọdé ìgbà náà, á sì máa gbè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Signora ò dá wa lóhùn. Màmá po omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n rọra wẹ Signora láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n tó pe ọmọ Signora lórí fóònù.

Mo béèrè bóyá oorun ni: "Dorme?"

Màmá ní, "Sọ ọ̀rọ̀ wọn fún wọn."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òkú ni Màmá wẹ̀, bí ọmọ ṣe ń wẹ ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbóhùn sókè: "Lóuō!"

"O káre," ni Màmá wí. "Wọ́n gbọ́."