Agbádá Tí A Rán fún Mọ́tò

Mo ti ra ọjà tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mọ́tò pupa tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ dígí yẹn kò sí lára wọn, ohunkóhun tí ìyàwó mi ì báà sọ. Òyìnbó kan tó ń bá àwọn kọngílá ojú títì ṣiṣẹ́ ní Enugu ló ni ín. Nígbà tí wọ́n ní kó máa padà sílùú rẹ̀, ó ń ta gbogbo ohun tó ní: fìríìjì, àga, ajá, mọ́tò. Fìríìjì ni mo lọ wò. Mọ́tò ni mo gbé wálé.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Ọ́fíìsì mi ló gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Enugu, wọ́n sì fún wa nílé kékeré kan ní GRA. Mo ti gbéyàwó fún ọdún méjì, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ láyé ju kí àwọn èèyàn máa rí èmi àti ìyàwó mi pa pọ̀ lọ. Mọ́tò náà kúrú. Ìjókòó méjì péré ló ní, bí èèyàn bá sì wọ inú rẹ̀, bí ẹni jókòó sórí àpótí ìdáná ni. Ṣùgbọ́n bí o bá gbójú sókè, ojú ọ̀run ni wàá máa wò, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Dígí yẹn ni mo sanwó fún. Ìyókù mọ́tò kàn bá a wá ni.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé ìyàwó mi lọ sí New Market. Oṣù kejì ọdún ni, ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, oòrùn sì wà lẹ́nu iṣẹ́. A kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítòsí ọjà. Èmi dé fìlà ní tèmi, mo gbé apá lé fèrèsé, mo ń juwọ́ sí àwọn tó ń wò wá. Ìyàwó mi ti dirun ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì ti fi òróró sí i dáadáa. Ó kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn bo orí. Nígbà tó yá, ó fi báàgì ọjà bò ó. Obìnrin kan tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wá dúró tì wá, ó bojú wò wá láti òkè bí ẹni ń wo ẹja nínú abọ́, ó sì pe èkejì rẹ̀ kó wá wò. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ takisí lọ sílé.

Nígbà tí mo délé, kò pariwo. Bí inú bá ń bí ìyàwó mi, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ló máa ń pọ̀ sí i. Èmi tó ń pè ní ìwọ láti ìgbà tá a ti jọ wà nílé ìwé di ẹ̀yin lójijì. Ó ní kí ẹ̀yin ọkọ òun má bínú, òun kò ní wọ mọ́tò náà mọ́ níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá lè rí òun nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti ń wọ takisí lọ síléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi nìkan ń wa mọ́tò kiri, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi sì ṣófo. Ó dùn mí gan-an ni. Kí lèèyàn fẹ́ fi mọ́tò ẹlẹ́wà ṣe bí ẹni tó fẹ́ fi gbé kiri bá ń wọ takisí?

Mo pinnu pé n ó wá nǹkan bo dígí náà. Àwa tá a wá láti ìwọ̀-oòrùn kò pọ̀ ní Enugu nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ gbogbo wa, ìmọ̀ràn kò sì wọ́n láàárín wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra kẹ́tùlù lásán, ẹni mẹ́ta ni yóò dá sí i. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi èèyàn.

Ọmọ Ìgbò kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ọ́fíìsì ní kí n ra bébà dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí. Mo rà á, mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú un wú bí àkàrà inú epo. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń fi abẹ ha á kúrò. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sọ pé aṣọ funfun ló dáa jù, pé funfun kì í gba ooru. Mo ta aṣọ funfun sí i. Kò tíì tó wákàtí kan tí aládùúgbò wa ń kọjá lọ, ó rí i, ó ṣí fìlà, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé ta ló kú. Mo ká aṣọ náà kúrò.

Mo wá lọ bá ọkùnrin kan tó ń rán ìjókòó mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wo òrùlé náà, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Oga, make I gum foam and leather for the top, finish. You no go see that sun again.”

Inú bí mi. Kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ tìmùtìmù mọ́ dígí tí mo torí rẹ̀ ra mọ́tò? Ohun tí mo lè máa so mọ́ ọn lọ́sàn-án, tí mo sì lè tú bí oòrùn bá wọ̀, ni mo ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. Mo fi àwọn tó mọ iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀, mo lọ bá ẹni tiwa.

Télọ̀ kan wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, bàbá àgbàlagbà kan láti apá Kwara, tó ti wà ní Enugu kí wọ́n tó bí mi. Agbádá ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò wa mọ́tò rí, kò sì rán nǹkan kan fún mọ́tò rí. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wí fún ọmọ ilé rẹ̀ nílẹ̀ àjòjì pé òun kò lè ṣe é? Báwo sì ni èmi, tí mo ti dọ̀bálẹ̀ kí i tán, yóò ṣe dìde kí n ní mo ti yí ọkàn padà?

“Aṣọ ni gbogbo aṣọ ń jẹ́,” ó ní. “Ohun tó bá ti ní ara, a ó wọ̀n ọ́n.”

Ó gbé téèpù jáde, ó yí mọ́tò náà po. Ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó sì bi mí tọkàntọkàn bóyá yóò ṣì sanra sí i, kí òun lè fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ìránpọ̀. Mo ní rárá, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ó kó aṣọ sílẹ̀ níwájú mi: àrán, dàmáàsìkì, kákí, gínní. Mo mú kákí. Ó wo kákí, ó wò mí, ó ní ta ní í wọ kákí lọ sóde. Mo mú gínní aláwọ̀ eérú. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i, ó sì ní òun gbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi. Agbádá ni. Kò ní apá lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbádá ni. Ó ti fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣiṣẹ́ sí i láti etí dé àárín. Níbi tí gílóòbù kékeré inú mọ́tò wà, ó gé ọrùn sí i, ó sì fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yí ọrùn náà ká. Ó tún fi àpò ńlá kan sí i lápá òsì. Mo bi í pé kí ni mọ́tò fẹ́ fi àpò ṣe. Ó ní bí òun kò bá fi àpò sí i, àwọn èèyàn á rò pé aṣọ ni kò tó. Kí ni n bá wí? Àgbà ni, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ó ti ń fi hàn mí. Mo dúpẹ́, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó gbàdúrà fún mọ́tò náà pé kó lo aṣọ rẹ̀ gbó, kó sì tún rán òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, mo so ó mọ́ òrùlé láti inú. N kò ní purọ́, abẹ́ rẹ̀ tutù. Mo ṣílẹ̀kùn de ìyàwó mi. Ó jáde pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú mọ́tò. Ó wo iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó wo ọrùn, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn, inú mi sì dùn púpọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n kò wọlé.

“Ta ni ẹ bi kí ẹ tó ṣe eléyìí?”

Mo kà wọ́n fún un, ará ọ́fíìsì, alàgbà, ẹni tó ń rán ìjókòó, télọ̀. Mo kà wọ́n láìfi ẹnì kan sílẹ̀, kó lè rí bí mo ṣe ṣe wàhálà nítorí rẹ̀ tó.

“Ẹ ti consult gbogbo Enugu tán,” ó ní. “Èmi ńkọ́?”

“Ṣebí nítorí tìẹ ni mo ṣe ń bi wọ́n.”

“Nítorí tèmi, ẹ ò wá bi mí. Bí ẹ ṣe ra mọ́tò náà nìyẹn. Mo gbọ́ fèrè níta, mo jáde, mo bá mọ́tò tí ìyá mi ò lè ráyè jókòó sí bó bá wá kí wa. Kì í ṣe oòrùn ló lé mi bọ́ sílẹ̀. Oòrùn ni mo rí dárúkọ.”

Ojú tì mí. Mo ti jíròrò àpò mọ́tò pẹ̀lú télọ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí n bi ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́tò. A jọ rìn dé ojú títì, a dá takisí dúró. Ẹni méjì ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, a sì há mọ́ra, èjìká rẹ̀ wà lára èjìká mi. Mo bi í pé kí ló rò pé ká ṣe sí mọ́tò náà. Ó wo ojú mi bóyá mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé n kò ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun á ronú sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ronú, n kò sì bi ẹlòmíràn, ẹnu tirẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Mọ́tò wà nínú ọgbà tòun taṣọ, àwa méjèèjì ń wọ takisí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, èmi ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, tí n ó dúró dè é.