Ìwé tí Fàòsíyà Buwọ́ Lù

Ọmọ aládìrẹ ni Fàòsíyà, ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀, Alhaja Ràhámátù, fẹ́ kó jókòó ti ìkòkò aró bí ìyá-ìyá rẹ̀ ti ṣe, ṣùgbọ́n ìdí iná ni ọkàn ọmọ yìí wà. Ó kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Adigbe, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ríṣẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ọkọ̀ ojú omi kẹ̀?" Alhaja ní. "Bí wọ́n bá fìyà jẹ ọ́ lórí ilẹ̀, wàá ké, aládùúgbò á gbọ́. Lójú òkun, ta lo máa ké sí?"

Fàòsíyà fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ó di ẹrù rẹ̀.

Epo ni ọkọ̀ náà ń kó káàkiri etí òkun, láti Èkó títí dé Abidjan. Àwọn mẹ́tàlá ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, òun nìkan lobìnrin. Ọkọ̀ náà ti gbó. Omi tí wọ́n ń mu a máa pọ́n, nítorí àgbá rẹ̀ ti dógùn-ún. Ìwé kan wà tí ó yẹ kí wọ́n máa kọ wákàtí ìsinmi òṣìṣẹ́ sí. Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́: wákàtí mẹ́wàá lónìí, mẹ́wàá lọ́la, fún àwọn èèyàn tí kò fojú kan oorun ju wákàtí mẹ́rin lọ. Pásípọ́ọ̀tù gbogbo wọn sì wà nínú yàrá rẹ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Ifálọlá, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Alábàtà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́ lẹ́nu Fàòsíyà ló fi dá a mọ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbá ni yín, àbí?"

Orúkọ ilé baba rẹ̀ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n Ọbàtálá ìyá rẹ̀ ló ń sìn. Ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún un, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọtí kankan wọnú ilé wọn rí. Nígbà tí àwọn yòókù bá ṣí ọtí nírọ̀lẹ́, òun àti Fàòsíyà tó jẹ́ Mùsùlùmí á jókòó ti tíì wọn. "Àwa méjèèjì nìkan lojú wa dá nínú ọkọ̀ yìí," ni ó máa ń wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n ń retí àyè ní èbúté. Ifálọlá wá jẹun. Ojú rẹ̀ pọ́n, torí láti ọ̀sán àná ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Jẹ iṣu yẹn tán," Fàòsíyà ní.

"Bí mo bá yó, oorun ló máa gbé mi lọ, Àǹtí. Wọ́n ní kí n lọ gbá ìsàlẹ̀ táńkì epo kejì."

Afẹ́fẹ́ inú irú táńkì bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn kó tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Òfin ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta, ọ̀gá ọkọ̀ sì mọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà wọlé, torí wọ́n máa gbé epo mìíràn lọ́jọ́ kejì.

Ariwo ló gbé Fàòsíyà jáde. Ó bá Ọlálẹ́yẹ, ẹni tí òun àti Ifálọlá jọ ń gbé yàrá kan, tó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ẹnu táńkì. Nísàlẹ̀, ní ìdí àkàbà, Ifálọlá dojú bolẹ̀.

"Ẹ dì í mú!" ẹnì kan kígbe. "Tó bá wọbẹ̀, òkú méjì la máa gbé!"

Fàòsíyà gbá Ọlálẹ́yẹ mú níbàdí. Ọkùnrin náà ń sunkún, ó bù ú jẹ lápá, ṣùgbọ́n Fàòsíyà kò tú u sílẹ̀. Wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń wọ irú ibẹ̀ wá; òfìfo ni. Nígbà tí wọ́n fi rí okùn fa Ifálọlá sókè, ara rẹ̀ ti tutù.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ọkọ̀ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan wà lórí tábìlì, ó ní Ifálọlá mutí yó, ó sì wọ táńkì láìgbàṣẹ.

"Kò mutí, sà," Fàòsíyà ní. "Tíì ni mo fún un."

"Kúùkù, mi ò bi ọ́ léèrè oúnjẹ. Àwọn yòókù ti buwọ́ lù ú. Pásípọ́ọ̀tù rẹ rèé." Ó gbé e lé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ bò ó. "Ṣé o fẹ́ délé àbí o ò fẹ́?"

Fàòsíyà wo ọwọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú bírò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí ló tó délé. Kò tíì lò ju ọjọ́ méjì lọ nígbà tó wọ ọ̀kadà lọ sí abúlé Ifálọlá. Ìyá olóògbé, Ẹfúnkẹ́mi, ń ṣa ẹ̀gúsí ní ìta.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá. Ọkọ̀ kan náà ni èmi àti Ifálọlá jọ wà."

Ẹfúnkẹ́mi gbé ọpọ́n sílẹ̀. "Lẹ́tà dé ṣáájú òkú rẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní ọtí ló pa á. Wọ́n ní àwọn méjìlá ló fọwọ́ sí i. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ funfun sin ín. Ẹni tó da òrìṣà, kí ló fẹ́ fi àlà ṣe?" Ó gbójú sókè. "Ìwọ tó o wà níbẹ̀, ṣé òótọ́ ni?"

Fàòsíyà kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Irọ́ ni, Màmá. Kò fẹnu kan ọtí rí. Èmi náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i."

Obìnrin náà dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fàòsíyà wà lórí ìkúnlẹ̀ títí tí ará ilé kan fi wá fà á dìde pé kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó. Olúwatósìn, ọmọbìnrin tó ń gba ẹjọ́ níbẹ̀, kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dá bírò dúró.

"Mọ̀mí, ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, kò sí ọkọ̀ tó máa gbà yín síṣẹ́ mọ́?"

"Mo mọ̀. Fi ránṣẹ́."

Àwọn olùyẹ̀wò ìjọba wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n rí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, wọ́n rí àgbá òfìfo. Nínú ìwé ìsinmi, wọ́n rí i pé ọ̀gá ọkọ̀ kọ ọ́ pé Ifálọlá sinmi fún wákàtí mẹ́wàá ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀. Ọlálẹ́yẹ náà wá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn yòókù ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹni tó ni ín kùn ún lọ́dà tuntun, ó fún un lórúkọ mìíràn, ọkọ̀ náà sì padà sójú òkun. Ọ̀gá ọkọ̀ ti rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni Fàòsíyà rí mú bọ̀, ìwé àwọn olùyẹ̀wò tó sọ pé afẹ́fẹ́ táńkì ló pa Ifálọlá, pé kò mutí, pé wọ́n rán an ni. Ó gbé e lọ sí abúlé, ó kà á sókè lójú gbogbo agbo ilé. Ẹfúnkẹ́mi ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Ọwọ́ rẹ ló kọ ti àkọ́kọ́," ìyá náà wí, "ọwọ́ rẹ náà ló lọ wá èyí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń bú ọmọ mi nínú ilẹ̀, fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ta ló máa bá mi kó ìyẹn padà?"

Ẹfúnkẹ́mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó tì í bọ ìdí ìró. Ó pe àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n wá àlà wá, ilẹ̀ kò ní ṣú kí òun tó tẹ́ ẹ sórí ibojì. Kò sẹ́ni tó ní kí àlejò dúró. Fàòsíyà kí wọn pé ó dàbọ̀, ó gba ọ̀nà Alábàtà lọ.