Ọkọ̀ Dàbínù Tí Kò Padà Dé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn òbí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi dé Barking yìí, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti Ìjẹ̀bú, obìnrin kan wà ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa tí mo máa ń pè ní Màmá. Òun kọ́ ló bí mi, kì í sì í ṣe Yorùbá. Pakísítánì ló ti wá. Ìyá mi ń gbálẹ̀ ní ọsibítù, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Dagenham, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá ni mo máa ń wà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Bẹ̀tí ló ń pè mí, ìyẹn ni “ọmọ mi obìnrin” lédè wọn. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Kò bímọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ tó ní fún yín. Atukọ̀ ni. Ọkọ̀ onígi ńlá kan ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kó dàbínù sí ní Pakísítánì, wọ́n á gba orí òkun gbé e lọ tà ní Íńdíà. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á ra tíì àti ewé kan tí àwọn èèyàn ọ̀hún máa ń jẹ lẹ́nu bí àwa ṣe ń jẹ obì. Ṣé ẹ ti gbọ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń kó obì lọ sí òkè Ọya, tí àwọn Hausa náà ń da màlúù bọ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Oníbàárà ọkọ rẹ̀ kan wà ní èbúté Íńdíà lọ́hùn-ún, kì í ṣe mùsùlùmí bíi tiwọn, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ilé rẹ̀ ni ọkọ Màmá ti máa ń jẹun.

Àfi bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Kálukú ní òun ò tà fún èkejì mọ́, òun ò sì rà. Ọkọ̀ tí ogun bá ní èbúté, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, tẹrù tèèyàn. Ọkọ Màmá wà nínú ọ̀kan. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, wọ́n dá àwọn atukọ̀ padà ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n òun kò sí nínú wọn. Ẹnìkan ní òun rí i tó ń ṣàìsàn. Ẹlòmíì ní wọ́n ti mú un lọ sí ìlú mìíràn. Màmá dúró títí, kí àbúrò rẹ̀ tó ránṣẹ́ mú un wá sí Barking.

Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò tó nǹkan. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀ nídìí rédíò. Bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, á yọ ọwọ́ nínú ìyẹ̀fun tó ń pò, á ní, “Bẹ̀tí, ṣé wọ́n dárúkọ wa?” Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá ni màá sọ. Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n bẹ Ọlọ́run kó dá atukọ̀ náà padà fún aya rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo sì gbà láìṣiyèméjì pé yóò dé.

Lọ́jọ́ kan, rédíò sọ pé Íńdíà àti Pakísítánì ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò tún máa bá ara wọn ṣòwò. Mo figbe ta. “Màmá, wọ́n ti ṣí ọjà!” Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó gbé mi sókè, ìyẹ̀fun kún gbogbo aṣọ mi, ó ń fi mí jó yí ilé ìdáná ká. Ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá wa jó kó tó wá bèèrè ìdí. Ní ọ̀sẹ̀ náà, Màmá ra sálúbàtà tuntun ti ọkùnrin, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àlejò kanlẹ̀kùn, ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan, ọmọ ìlú Màmá, tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté Tilbury nítòsí wa. Ó ti bá wọn kó dàbínù lọ sí Íńdíà nígbà tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó jókòó, kò fẹnu kan tíì. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò lè wo ojú Màmá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá bi í. Ó dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá ló dìde lọ fọwọ́ pa á lórí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ̀ ṣàlàyé fún bàbá mi. Ibà ló pa ọkọ Màmá ní àtìmọ́lé, kí ogun ọ̀hún tó parí pàápàá. Gbogbo àdúrà wa, òkú ni a ń gbà á fún.

Bàbá mi ní, “Kí ni ẹ̀gbọ́n yín bèèrè lọ́wọ́ ọmọ yẹn?”

“Ó ní, ta ló wẹ òkú rẹ̀?”

Oníbàárà Íńdíà yẹn ni. Nígbà tó gbọ́, ó lọ wá àwọn mùsùlùmí ìlú rẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, òun náà sì tẹ̀ lé wọn dé ibojì.

Màmá fẹ́ lọ rí ibojì náà. Ìjọba Íńdíà ò fún un ní ìwé àṣẹ. Ó tún béèrè, wọn ò fún un. Ọjà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣàdéhùn lé lórí nígbà náà, wọn ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ èèyàn. Ó sọ fún ìyá mi ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò já geere pé, “Àpò dàbínù ń lọ. Èmi kò lè lọ.” Ìyá mi dì mọ́ ọn. Màmá kò rí ibojì náà títí ó fi kú, ìhín yìí ni a sin ín sí.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Mo ń gbé ní Barking Riverside, nínú àwọn ilé tuntun gogoro wọ̀nyí. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ lórí fóònù mi pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì tún ti ti ọ̀nà ọjà mọ́ra wọn, mo jókòó, mo sunkún bí ọmọdé. Ọmọ-ọmọ mi ní, “Màmá àgbà, kí ló kàn yín níbẹ̀?” Mo nu ojú mi, mo ní kó jókòó tì mí.

Ayé ti yí padà. Lóde òní, mo lè rí ojú àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú nígbàkígbà tó bá wù mí. Ṣùgbọ́n nígbà èwe mi, bí ìròyìn bá ba ẹnìkan lọ́kàn jẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Nísinsìnyí, kálukú ló di tirẹ̀ mú sétí. Ìdílé kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ògiri ló là wá. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń retí.